Ọmọ Tí A Fà Lé Olùkọ́ Lọ́wọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi ìmọ̀ ṣe ọmọ ènìyàn lọ́ṣọ̀ọ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí Ọlọ́hun rán sí wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Nínú igba ènìyàn yìí, ó ṣòro kí a tó rí ẹni tí ó ń rí ọmọ lójoojúmọ́ tó olùkọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ni ọmọ ń kúrò nílé, ó di ọ̀sán kí òbí tó tún fi ojú kàn án. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyí, ta ni bàbá rẹ̀? Ta ni ìyá rẹ̀? Ta ni yóò mọ̀ pé orí ń fọ́ ọ, tàbí pé kò jẹun kí ó tó jáde, tàbí pé ọmọ tí ó jókòó tì í ń jẹ ẹ́ níyà? Olùkọ́ ni.

Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ olùkọ́ bá délẹ̀ láàárín wa, ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà sọ ọ́. Àwọn kan á ní iṣẹ́ tíṣà kò ju kí á fi ẹfun kọ nǹkan sí ojú pátákó lọ. Àwọn mìíràn á ní èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run, wọn a sì fi bẹ́ẹ̀ sá fún ohun tí ó tọ́ sí i láyé. A fẹ́ fi ìtàn hàn ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tọ̀nà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni àwọn aṣíwájú wa ti mọ̀ pé àmánà ni ọmọ tí a bá fà lé olùkọ́ lọ́wọ́. Àmánà sì ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn ẹni tí ó gbà á, ó ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn ẹni tí ó fi í lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Àwọn olùkọ́ tí a mú lójú ogun

Ní ọdún kejì Hijira, tí í ṣe ọdún 624, ni àwọn Mùsùlùmí bá àwọn ará Mẹ́kà jagun ní Badr. Àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun, wọ́n sì mú nǹkan bí 70 òǹdè. Ẹni tí ó lówó nínú àwọn òǹdè yìí san owó ìràpadà; ti àwọn olówó nínú wọn tó 4,000 dírámù. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ tí kò ní nǹkan kan tí wọn yóò san, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ ìwé kọ. Ní ayé ìgbà náà, àwọn tí ó mọ ìwé kọ ní Mẹ́kà pọ̀ ju ti Mẹ̀dínà lọ. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí irú àwọn wọ̀nyí fi ìwé kíkọ ra ara wọn padà. Ìtàn sọ fún wa pé ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí àwọn ọmọ náà bá ti mọ̀ ọ́n kọ, olùkọ́ wọn dòmìnira, kí ó máa lọ sí ilé rẹ̀. Wọ́n ní Zaid ọmọ Thabit wà lára àwọn ọmọ Mẹ̀dínà tí ó kọ́ ìwé lọ́nà yìí. Òun náà ni ó wá di akọ̀wé fún Ànábì, òun sì ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ kíkó Àlùkùránì jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Gbogbo oníwàásù ni ó ń sọ ìtàn yìí láti fi hàn pé Ìsìláàmù fẹ́ràn ìmọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ìdí kan tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Ìmámù Ahmad gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí sunkún wá sílé. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló ṣe é. Ọmọ ní olùkọ́ òun ni ó na òun. Inú bàbá ru. Ó ní ẹ̀san Badr ni ọkùnrin burúkú náà ń gbà lára ọmọ òun, ó sì búra pé ọmọ náà kò ní padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Olùkọ́ yìí mọ ìwé. Ohun tí wọ́n ní kí ó kọ́ ọmọ, ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò sí láàárín òun àti bàbá ọmọ ni ìfọkàntán. Bàbá kò mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹni tí ó gbé pàṣán. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn pé ìmọ̀ nìkan kò sọ ènìyàn di olùkọ́. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a lè fi ọmọ wa sùn tì kí oorun sì kùn wá.

Nígbà tí Seyyidina Umar di olórí àwọn Mùsùlùmí (634 sí 644), ìtàn kan sọ pé olùkọ́ mẹ́ta ń bẹ ní Mẹ̀dínà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé, Umar sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní dírámù 15 lóṣooṣù. A rí i pé àwọn tí ó mọ̀ jù nípa èrè ọ̀run kò fi èrè ọ̀run dí olùkọ́ lẹ́nu. Wọ́n fún un ní ohun tí yóò jẹ.

Ìwé kan láti ìlú Kairouan

Nígbà tí ẹ̀sìn tàn dé apá àríwá ilẹ̀ Áfíríkà, ìlú Kairouan, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Tùnísíà òde òní, di ojúkò ìmọ̀. Níbẹ̀ ni Sahnun gbé, àgbà onímọ̀ ọ̀nà Maliki, ẹni tí ó kú ní ọdún 854. Sahnun ní ọmọ kan tí ń jẹ́ Muhammad. Nígbà tí ó fi í sí ilé-kéwú, wọ́n ní ó kìlọ̀ fún olùkọ́ rẹ̀ pé kí ó máa fi ìyìn àti ọ̀rọ̀ tútù kọ́ ọ, nítorí pé ọmọ náà kì í ṣe irú èyí tí a ń fi ẹgba àti ìbínú tọ́.

Ọmọ tí a fi ọ̀rọ̀ tútù kọ́ yìí dàgbà, ó di onímọ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀, ó sì kọ ìwé kan lórí ohun tí ó yẹ olùkọ́ àti ohun tí kò yẹ ẹ́. *Adab al-Mu'allimin* ni wọ́n ń pe ìwé náà, ó sì wà lára àwọn ìwé tí ó pẹ́ jùlọ tí Mùsùlùmí kọ lórí iṣẹ́ olùkọ́ nìkan. Ọdún 870 ni Muhammad ọmọ Sahnun kú, nítorí náà ìwé yìí ti lé ní 1,100 ọdún. Síbẹ̀, bí a bá ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún tíṣà òde òní, yóò rò pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Ó ní kí olùkọ́ má ṣe ya ọmọ olówó sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tálákà. Ojú kan náà ni kí ó fi wo gbogbo wọn. Ó ní àkókò olùkọ́ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ nígbà tí ó bá ti gba owó iṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ láti máa tẹ̀ lé òkú lọ sí ìtẹ́ tàbí láti lọ bẹ aláìsàn wò, àfi èyí tí ó bá di dandan fún un. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ láádá ni méjèèjì, ṣùgbọ́n láádá kò gbọ́dọ̀ di ohun tí a ó fi jẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Ó ní olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ máa rán àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ara rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi ipá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn nígbà ọdún, bí kò ṣe ohun tí òbí bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un. Yàrá tí ó ń lò, òun ni yóò san owó rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní àlùwàlá àti ìrun, kí ó má ṣe rò pé kíkà nìkan ni iṣẹ́ òun.

Ní ti nínà, ó ní kí olùkọ́ má ṣe nà nínú ìbínú, kí ó má ṣe lu orí tàbí ojú, kí ó má sì kọjá ẹgba mẹ́ta nítorí ẹ̀kọ́ àfi bí bàbá ọmọ bá yọ̀ǹda. Ẹgba mẹ́ta péré! Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú ọmọ ilé-kéwú àti ọmọ ilé-ìwé ti rí nílẹ̀ wa yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyí.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé lẹ́yìn rẹ̀, onímọ̀ mìíràn ní Kairouan, al-Qabisi, ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, tí ó sì kú ní ọdún 1012, tún kọ ìwé lórí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Òun ni ó dá àwọn tí ó ní kò yẹ kí olùkọ́ gba owó lóhùn. Ó ní bí a bá ní kí gbogbo ènìyàn máa kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, a kò ní rí ẹni tí yóò fi iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ọmọ ni yóò sì pàdánù. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ẹni tí ó ní kí olùkọ́ má ṣe gba nǹkan, ọmọ ni ó ń fi ebi ìmọ̀ pa.

Ẹ má ṣe sọ pé Kairouan jìnnà sí wa. Ọ̀nà Maliki tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí tẹ̀ lé ni ọ̀nà tí àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀ títí di òní. Ìwé *Risala* tí ọ̀pọ̀ ọmọ kéwú ń kọ́ nílẹ̀ wa, ará Kairouan ni ó kọ ọ́, Ibn Abi Zaid, ẹni tí ó kú ní ọdún 996. Ìsinmi Àlàmísì àti Jímọ̀ tí àwọn ilé-kéwú àtijọ́ ń ṣe, ó ti wà nínú ìwé àwọn olùkọ́ Kairouan.

Àlùfáà tí ń bẹ lábẹ́ igi

Ilé-kéwú ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó kó ilé-ìwé dé. Lábẹ́ igi, ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tàbí ní iwájú mọ́sálásí ni àwọn ọmọ ń jókòó sí pẹ̀lú wàláà wọn. Àlùfáà ni olùkọ́ wọn. Òun kan náà ni ó ń sọ ọmọ lórúkọ, òun ni ó ń so yìgì, òun ni ó ń kírun sí òkú lára, òun ni ó ń parí ìjà láàárín tọkọtaya. Kò ní owó oṣù. Sàráà, owó ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ ń mú wá, àti ohun tí òbí bá mú wá ní ọjọ́ tí ọmọ bá ṣe wòlímọ̀, ni ó fi ń gbọ́ bùkátà.

A kò gbọdọ̀ fojú kéré iṣẹ́ tí àwọn àlùfáà yìí ṣe. Bí kò bá sí tiwọn, à bá má mọ Fátíhà kà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí kò bá sọ òtítọ́, àlọ́ ni. Níbi tí òbí kò ti ní owó, iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ọmọ kéwú fi ń san owó ẹ̀kọ́. Èyí ní ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí wákàtí oko ti ju wákàtí wàláà lọ. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọmọ lẹ́sẹ̀ kí ó má bàa sá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ̀wé yìí rántí kòbókò ju bí a ti rántí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà lọ. Kí á má ṣe sọ pé ẹ̀sìn ni ó ní kí á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgba mẹ́ta ni ọmọ Sahnun sọ, láti 1,100 ọdún ó lé sẹ́yìn.

Nígbà tí ilé-ìwé dé

Láti àwọn ọdún 1840 ni àwọn oníwàásù Kìrìsìtẹ́nì ti ń dá ilé-ìwé sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí kọ̀ láti fi ọmọ wọn síbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìwé. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ tí ó bá jáde nílé ní Súlè lè padà dé ní Sámúẹ́lì. Bàbá Mẹ̀dínà yẹn náà ni: ó fẹ́ ìwé, ṣùgbọ́n kò fọkàn tán ọwọ́ tí ń kọ́ ọ.

Ní ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1896, ìjọba dá ilé-ìwé Mùsùlùmí kan sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí àwọn ọmọ yóò ti máa kọ́ ìwé òyìnbó láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, wà lára àwọn tí ó ṣe akitiyan lórí rẹ̀. Wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898 àti ní Àgbádárìgì ní 1899. Idris Animashaun wà lára àwọn Mùsùlùmí tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ti Èkó.

Ẹ ronú sí ẹrù tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ rù. Ìjọba ń wò ó bóyá àwọn ọmọ mọ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí ń wò ó bóyá ọmọ ṣì ń kírun. Àwọn àlùfáà ń wò ó bóyá kò ní gba ọmọ kéwú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwà rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, gbogbo ìlú ni yóò sọ pé a wí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1923 ni àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀, kí ọdún mẹ́wàá sì tó pé, wọ́n ti ní ilé-ìwé tiwọn ní Alákọrọ́. Nawair-ud-Deen tẹ̀ lé e ní Abẹ́òkúta ní 1939. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi rí i pé ilé rọrùn láti kọ́ ju olùkọ́ lọ. Bíríkì kì í kọ́ ọmọ. Nítorí náà ni Ansar-ud-Deen fi dá kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ní ọdún 1931, àwọn olùkọ́ fúnra wọn ti kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ NUT, Àlùfáà Ìjọ Israel Ransome-Kuti ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n jọ ń ṣe é, nítorí ebi kò mọ ẹ̀sìn.

Ní apá ti kéwú, Sheikh Adam Abdullah al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Kíláàsì, àga, tábìlì, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí wọ inú ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ni ó di olùkọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ọdún tí ọmọ kún ilé-ìwé

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 jẹ́ 456,600. Nígbà tí ó di 1955, wọ́n ti di 811,432. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Mùsùlùmí tí kò bá má fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà ilé-ìwé ni ó rí ààyè wọlé. Ṣùgbọ́n a kì í bí olùkọ́ ní ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tí ì gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni wọ́n gbé ẹfun lé lọ́wọ́ tí wọ́n sì ní kí ó kojú kíláàsì.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ olùkọ́ wá di ọ̀kan-di-mẹ́wàá. Ní òwúrọ̀, òun ni yóò to àwọn ọmọ sí ìlà, yóò wo èékánná àti eyín wọn. Yóò pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Bí ọmọ kan kò bá wá ní ọjọ́ mẹ́ta, òun ni yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé rẹ̀. Yóò kọ́ wọn ní orin, yóò kọ́ wọn ní oko, yóò kọ́ wọn ní eré ìdárayá. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ìlú yóò kó lẹ́tà tọ̀ ọ́ wá: ìyá kan fẹ́ kí ó ka ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ láti Èkó, bàbá kan fẹ́ kí ó kọ èsì. Ní ọjọ́ ìbò àti ọjọ́ ìkànìyàn, òun ni akọ̀wé. Nínú ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àdúgbò, òun náà ni akọ̀wé. Nítorí gbogbo èyí ni ìlú ṣe ń pè é ní Ọ̀gá, kì í ṣe nítorí owó tí ó ń gbà.

Ohun tí ó kù fún wa

Ní ọdún 1966, àjọ àgbáyé UNESCO àti ILO fi ẹnu kò lórí ipò tí ó yẹ olùkọ́, láti 1994 sì ni gbogbo ayé ti ń fi ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ṣe Ọjọ́ Olùkọ́. Ọjọ́ kan lọ́dún dára. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a sọ yìí kò dá lórí ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa. Ọmọ wa ti lo ọdún mélòó ní ilé-kéwú tí a kò mọ ibi tí àlùfáà rẹ̀ ń sùn? Nígbà mélòó ni a ti lọ sí ilé-ìwé láti bèèrè bí ọmọ ti ń ṣe, kì í ṣe láti lọ bá tíṣà jà? A ń ná owó rẹpẹtẹ ní ọjọ́ wòlímọ̀, à ń pa màlúù, à ń pe onílù. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà fún ọdún márùn-ún ń wò wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì dá a lójú bóyá yóò rí owó ọkọ̀ padà sílé. Èyí kò dára. Bí a bá fẹ́ bi olùkọ́ léèrè ọmọ wa, ó yẹ kí olùkọ́ náà lè bi wá léèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin àlùfáà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí yóò di olùkọ́ lọ́la, ebi kì í ṣe àwáwí fún ìkà. Ọmọ tí ó wà níwájú yín kò mọ ìjọba tí kò san owó oṣù. Ojú yín ni ó ń wò. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ohun tí ọmọ Sahnun kọ sílẹ̀ kò ṣòro: kí á wà níbi iṣẹ́ ní àkókò iṣẹ́, kí á fi ojú kan wo ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, kí á má ṣe sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ọ̀dọ̀, kí á má ṣe nà nínú ìbínú.

Bàbá kan ní Mẹ̀dínà mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ nítorí kò mọ ọkàn rẹ̀. Bàbá kan ní Kairouan sọ irú ọmọ tí òun ní fún olùkọ́, kí ó tó lọ sílé. Nínú méjèèjì, ti ẹnì kejì ni kí á mú. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí á di ọmọ wa lọ́wọ́ mú lọ sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, kí á kí i tìyẹ́tìyẹ́, kí á sì bá a sọ̀rọ̀.

Ọlọ́hun kí ó san àwọn tí ó kọ́ wa lẹ́san ayé àti ti ọ̀run. Àmín.